Ọ̀tá Tí Mọ́remí Fẹ́

Nínú eré òyìnbó nípa vampire, òkú tí ń jáde lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ẹni tó ń lépa rẹ̀ láti pa á tún lè máa fẹ́ ẹ lábẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní àsọdùn ni. Èmi kò jiyàn, torí ìtàn Mọ́remí.

Àwọn Ìgbò tó ń kó Ilé-Ifẹ̀ lẹ́rú fi ìko bora, àwọn ará Ifẹ̀ sì rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Mọ́remí jẹ́ kí wọ́n mú òun. Ọba wọn fi í ṣaya, ó sì tú àṣírí fún un: ènìyàn lásán ni wọ́n, iná sì lè jó ìko. Mọ́remí sá padà sílé.

Àwọn ará Ugbò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní àwọn ni Ìgbò inú ìtàn yìí. Aládùúgbò wa ni wọ́n ní Akótogbó, nítorí náà n kò lè kà á bí ìtàn ará ọ̀run.

Ọba kì í tú àṣírí ogun fún ẹni tí kò fọkàn tán. Mọ́remí tó ń gbọ́únjẹ fún un ńkọ́? Ère rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní Ifẹ̀ lọ́dún 2016 gbé iná lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ère kò fi inú hàn. Mo gbà pé ó sunkún nígbà tí iná ń jó àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. Ẹkún náà kò sọ ọ́ di ọ̀dàlẹ̀. Ó jẹ́ ká mọ iye tí ìlú rẹ̀ ná an.