Bí Mọ́tò Bá Ń Kú Lójú Ọ̀nà

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ̀yin òǹkàwé, bẹ́ẹ̀ náà ni ti mọ́tò.

Tíṣà ni mí ní Ara. Mọ́tò àlòkù mi ni mo fi ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé wa lọ ṣe ìdánwò ní Èjìgbò. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò gan-an ni ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, á kú. Ẹnì kan ní kí n ra ẹ́ńjìnì mìíràn, bẹ́ẹ̀ owó oṣù tíṣà kò ká a.

Bàbá mẹkáníìkì wa ní, "Tíṣà, ẹ má tíì náwó. Epo, atẹ́gùn àti iná ni ẹ́ńjìnì ń jẹ." Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì wò: iná dára. Wọ́n wo rọ́bà atẹ́gùn: kò ya. Wọ́n wá bu epo sínú ìgò funfun, wọ́n gbé e kalẹ̀. Kò pẹ́, omi dúró nísàlẹ̀, epo lé téńté sókè. Wọ́n fa táǹkì gbẹ, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ asẹ́ epo. Ẹ́ńjìnì sì ń dún jẹ́jẹ́. Kò sí ọmọ tó pẹ́ dé ibi ìdánwò.

Ní February 2022, ìjọba Nàìjíríà ní kí wọ́n kó epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò lọ́jà. Methanol a máa fa omi mọ́ra.

Nítorí náà, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ wo epo yín kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnì. Ìgò òfìfo kò wọ́n.