Ojú Ẹlòmíràn Ló Kọ́kọ́ Rí I

Fún ọdún mẹ́rin gbáko, ohun tí mò ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé èmi nìkan ni mo wà nínú ọgbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a rí ewéko náà. Irọ́ ni mo pa. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i. Ọmọ iṣẹ́ mi ni, ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ mú wá bá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí n kọ́ ọ ní iṣẹ́ òdòdó. Ẹnu ni mo kọ́kọ́ fi pa irọ́ náà. Nígbà tó yá, mo kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé yẹn ni kò sì jẹ́ kí n sùn mọ́.

Ẹ̀bá títì ni ọgbà mi wà ní Ìbàdàn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta òdòdó níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mò ń tà, ọjá ìkookò ni ọkàn mi fà sí jù. Orúkọ tí àwọn àgbà ń pe ti inú igbó nìyẹn. Snake plant ni àwọn tó ń dá mọ́tò dúró rà á ń pè é. Ewé rẹ̀ nípọn nítorí pé inú ewé yẹn ló ń tọ́jú omi sí. Lọ́sàn-án, ó máa ń pa àwọn ihò ara rẹ̀ dé kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀ tán. Bí ilẹ̀ bá ṣú ló ń ṣí wọn láti mí. Ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín ni ilé rẹ̀, láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò. David Prain ló fún un ní orúkọ Sansevieria trifasciata ní 1903, ṣùgbọ́n ní 2017 ni orúkọ rẹ̀ yí padà sí Dracaena, nítorí àyẹ̀wò ìran ti fi hàn pé inú agbo ilé yẹn ló ti wá. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́, torí Dracaena náà ni pèrègún. Pèrègún tó ń ṣọ́ ààlà oko baba mi àti ọjá ìkookò tó ń bọ́ mi, ẹbí kan náà ni wọ́n.

Oríṣi kúkúrú kan wà tó ń ká ewé rẹ̀ jọ bí ìtẹ́ ẹyẹ. New Orleans ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i ní 1939. William Smith ló rí i nínú ọgbà òdòdó kan. Ní 1941, ìwé-àṣẹ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Sylvan Hahn, 'Hahnii' sì ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ìtàn yìí. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n wo bí orúkọ ẹni tó rí nǹkan ṣe lè pòórá. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi ń sọ ọ́ fún wọn.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ọmọ náà ń bomi sí àwọn oníkúkúrú bí ogójì tí a tò sábẹ́ igi ọ̀dán, ó sì pè mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo èyí. Ó dà bíi pé ojúmọ́ ń mọ́ lára rẹ̀."

Mo dé ibẹ̀. Ìyá ewéko náà dúdú minimini bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ọmọ kan ti yọ nídìí rẹ̀, etí ewé rẹ̀ sì mọ́ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi ni, "Má fọwọ́ kàn án." Èmi fúnra mi gbé náílọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, oníbàárà mi kan tó ń kọ́ ilé ìtura rí i, ó sì bi mí pé níbo ni mo ti rà á. Mo ní mi ò rà á. Mo ní mo jí ní ìdájí, kò sí ẹnì kankan nínú ọgbà, ojú mi ṣàdédé bọ́ sí i. Ọmọ náà wà nítòsí, ó ń po ilẹ̀ mọ́ yanrìn. Kò gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ nínú ilẹ̀ náà, lẹ́yìn náà ó tún ń pò ó lọ. Ìdúró ọwọ́ yẹn ni mo máa ń rí bí mo bá ti dùbúlẹ̀ lálẹ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú nǹkan tí ewéko náà jẹ́, torí ibẹ̀ ni irọ́ kejì gbà wọlé. Nínú ewéko tí etí ewé rẹ̀ bá yàtọ̀ báyìí, oríṣi ara méjì ló ń gbé pọ̀: èyí tó ní àwọ̀ ewé, àti èyí tí kò ní. Èyí tí kò ní yẹn ló ṣe etí. Bí o bá gé ewé rẹ̀ ní ègé-ègé tí o gbìn ín, ègé náà yóò ta gbòǹgbò, etí rẹ̀ kò sì ní yí padà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ègé yẹn máa bí, inú ara tó ní àwọ̀ ewé ló ti ń wá, nítorí náà kò ní ní etí kankan. Kò sí ọlọ́gbà òdòdó tí kò mọ èyí, torí bí 'Laurentii' tó gba gbogbo ìlú ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ jọ ìyá gbọ́dọ̀ dúró kí ìyá fúnra rẹ̀ ta ọmọ lábẹ́ ilẹ̀, kó wá fi ọ̀bẹ mímọ́ yà á, kó jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ kó tó gbìn ín. Ọmọ kan lọ́dún, bóyá méjì. Iṣẹ́ onísùúrù ni.

Mi ò ní sùúrù. Ní ọdún kejì, mo ya àwọn ewé tó tóbi, mo gé wọn sí ègé mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí wọ́n ta gbòǹgbò tán, mo gbé wọn sínú ìkòkò aláràbarà, mo sì tà wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ìkọ̀ọ̀kan. Mo lẹ bébà mọ́ wọn lára, 'Àkànní' ni mo kọ síbẹ̀, oríkì mi. Mo mọ ohun tí àwọn ègé yẹn máa bí. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Nígbà tí ìyá àgbà kan gbé tirẹ̀ padà wá, tó ní, "Ọlọ́gbà, ẹ wò ó, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló dúdú," mo sọ fún un pé omi tó ń bù sí i ló pọ̀ jù. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Òun ló bẹ̀ mí!

Ní ìparí ọdún yẹn, ọmọ iṣẹ́ mi ṣe fríìdọ̀mù rẹ̀. A gbàdúrà, a jẹ ìrẹsì, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò mẹ́nu kan ewéko náà. Kò sì fi iṣẹ́ òdòdó ṣe iṣẹ́. Mo gbọ́ pé aṣọ ló ń rán.

Ní ọdún kẹta ni mo ṣíwọ́ títa á. Mo wá àwọn tó ra ègé náà. Mo rí mọ́kànlá nínú wọn, mo dá owó wọn padà, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ìyá àgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ewéko náà bó ṣe yẹ. Mo ń ya ọmọ lára ìyá, mo ń ya ọmọ-ọmọ lára ọmọ, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Mo ní mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́ báyìí, ìran mẹ́ta. Méjì péré ló sọ etí nù nínú gbogbo èyí tí mo yà. Mo yọ wọ́n kúrò láàrin àwọn yòókù, mo sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo irú ọ̀gbìn tuntun ní 2021. Mo rò pé ọ̀nà ti là fún mi. Òfin náà fẹ́ kí irú ọ̀gbìn yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a ti mọ̀, kí gbogbo igi rẹ̀ jọ ara wọn, kí ó má sì yí padà láti ìran dé ìran. Ó tún fẹ́ kí ó jẹ́ tuntun, ìyẹn ni pé kí a má tíì máa tà á ju ọdún kan lọ nílẹ̀ yìí. Mo ti ta ọmọ gidi mẹ́ta fún onílé ìtura yẹn tipẹ́tipẹ́. Ìkánjú mi ló ti ilẹ̀kùn náà.

Ohun tó kù ni kí n fún un ní orúkọ àti àpèjúwe tó péye, kí ẹni tó bá rí i níbikíbi lè mọ̀ pé òun nìyí. Dókítà kan tó mọ ewéko dáadáa gbà láti ràn mí lọ́wọ́. Ìlànà kan wà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé fún orúkọ ọ̀gbìn tí ènìyàn mú jáde: láti 1959, irú orúkọ tuntun bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èdè Látìn, èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ ni kó jẹ́. Yorùbá kò léèwọ̀. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Dókítà ní 'Àkànní' tí mo lẹ̀ mọ́ ìkòkò kò tíì fìdí múlẹ̀ bí orúkọ, torí kò ní ọjọ́, kò sì ní àpèjúwe, nítorí náà mo ṣì lè yàn. Mo ní 'Àkànní' náà ni. Ó bi mí pé, "Ta ló rí i?" Mo kọ orúkọ ara mi síbẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè kejì, èyí tí mi ò lè dáhùn: "Kí ni ẹ fi yà á sọ́tọ̀ sí 'Golden Hahnii'?" Òótọ́ ni, kúkúrú ni ìyẹn náà, ó sì ní etí àwọ̀ ìyeyè. Mo wọn ewé. Mo wọn gíga, mo wọn fífẹ̀ etí, mo ka iye ewé. Mo yá káàdì àwọ̀ tí àwọn onímọ̀ òdòdó ń lò, mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé tó ti gbó, bí ìlànà ṣe wí, nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò ní oòrùn. Ìyàtọ̀ tí mo rí kò ju pé etí tiwa tín-ín-rín díẹ̀. Dókítà mi orí. Ó ní bí ajílẹ̀ bá yí padà, fífẹ̀ etí náà lè yí padà.

Ó rán mi lọ sí ilé ìpamọ́ ewé gbígbẹ ti àjọ ìwádìí igbó ní Jericho, kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àpẹẹrẹ. Ewé olómi máa ń yọni lẹ́nu láti gbẹ. A máa ń là á sí méjì, a ha inú rẹ̀ kúrò. Ẹlòmíràn a kọ́kọ́ rì í sínú omi gbígbóná kó lè kú, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè máa hù lọ láàrin bébà. Àpẹẹrẹ tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Mo dúró ti àpótí kan, mo ń ṣí bébà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni orúkọ ẹni tó já ewé náà wà, ọjọ́ tó já a, ibi tó ti já a. Àwọn kan ti já tiwọn kí wọ́n tó bí mi. Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ bí mo ṣe ń kà á, kò sí èyí tí mo ṣiyèméjì sí. Ìgbà náà ni àyà mi já. Bí ẹnì kan yóò ṣe ka tèmi náà nìyẹn ní ọgọ́ta ọdún sí i, tí yóò sì gbà á gbọ́.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo gbé ọmọ ewéko kan dání nínú náílọ́ọ̀nù, àti ìwé àpèjúwe. Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó fún mi lómi, ó bèèrè ìyàwó mi, kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá. Mo sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì, láìfi nǹkan kan pa mọ́, títí dé orí bébà tí mo fọwọ́ sí. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Ọ̀gá, ó sọ fún mi nígbà yẹn. Èmi ni mo ní kó dákẹ́, kí ẹ má baà lé e." Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà. Ọmọ náà ní kí n dìde, ṣùgbọ́n kò sọ pé kò sí nǹkan, mo sì dúpẹ́ pé kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní kí n ka ìwé náà sí òun létí. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí mo kọ pé àwọ̀ ìyeyè ni etí ewé náà, ó dá mi dúró.

"Rárá o, Bàbá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀." Ó ní bí ewé tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láàrin, funfun ni etí rẹ̀, bí inú àgbọn. Ó lè tó oṣù kan kí àwọ̀ ìyeyè tó wọ̀ ọ́, láti orí ewé wá sí ìdí. Láràárọ̀ tó bá ń bomi ló máa ń wò ó. "Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà. Ó ń kọ́kọ́ funfun, lẹ́yìn náà ni oòrùn ń yọ. Ojúmọ́ tí mo sọ nìyẹn."

Mo fa náílọ́ọ̀nù náà sọ́dọ̀, mo fi ìka ya àwọn ewé àárín. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò tíì ju èékánná lọ. Etí rẹ̀ funfun. 'Golden Hahnii' tó wà lọ́gbà mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè ni tirẹ̀ láti kékeré. Ewé tó ti gbó nìkan ni mo ti ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí.

Mo fa igi sórí 'Àkànní', mo kọ 'Ojúmọ́' sókè rẹ̀. Mo pa orúkọ mi rẹ́ níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó rí i. Mo fẹ́ kọ tirẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ ó ní kí n mú bírò wá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó fa àga sún mọ́ tábìlì ìránṣọ rẹ̀, ó sì kọ orúkọ náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ̀rọ̀ nípa etí funfun yẹn sábẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ewéko náà bó ṣe ń kọ ọ́.