Jáǹtì Ọkọ̀ àti Ìkòkò Ìyá Wa

Bí ọyẹ́ bá ti dé, kò sí ohun tí kì í pọ́n ní Sábẹ̀ẹ́. Eruku yangí a máa bo ewé máńgòrò, a máa bo òrùlé kíláàsì, a sì máa wọ inú ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n jáǹtì ọkọ̀ ni ojú tiwa máa ń kọ́kọ́ wò. Àwa olùkọ́ mẹ́rin ni a dá owó jọ tí a fi ra ọkọ̀ kan, èyí tí a fi ń lọ sí ibi iṣẹ́, tí a sì ń gbé lọ sí Parakú tàbí Kútọnu nígbà ìsinmi. Ọkọ̀ àlòkù ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń ti Yúróòpù gba èbúté Kútọnu wọlé. Alumíníọ́mù ni jáǹtì rẹ̀, kì í ṣe irin.

Àwọn aládùúgbò a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn olùkọ́ ń fọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ju ẹsẹ̀ ara wọn lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Etí jáǹtì ni táyà ti ń di afẹ́fẹ́ mú. Bí etí náà bá ti jẹrà, tí ó rí págunpàgun, afẹ́fẹ́ yóò máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láìsí ìṣó, láìsí ihò. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dín a máa gbóná lórí eré, ó sì lè bẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà ńlá tí ó ti Kútọnu gba ìlú wa kọjá lọ sí Malanville, tí ó mọ bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń sáré níbẹ̀, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí táyà ti bẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Irin tí ó ṣàjèjì díẹ̀ ni alumíníọ́mù. Ní ọdún 1886 ni Paul Héroult ní ilẹ̀ Faransé àti Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà, láìmọ ara wọn, rí ọ̀nà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ yanturu. (Ọdún 1863 ni a bí àwọn méjèèjì, ọdún 1914 ni àwọn méjèèjì sì kú, ní ilẹ̀ Yorùbá, à bá ti pè wọ́n ní ìbejì.) Ní ọdún 1924, Ettore Bugatti gbé ọkọ̀ eré ìje rẹ̀ tí a ń pè ní Type 35 wá sí ìlú Lyon pẹ̀lú jáǹtì alumíníọ́mù, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì tètè ń tu ooru bíréèkì dànù.

Alumíníọ́mù kì í dípẹtà bí irin. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan a bò ó lójú, awọ náà ni ó sì ń dáàbò bò ó. Àwọn tí ó ṣe jáǹtì tún fi ọ̀dà àti váníìṣì lé e. Òkúta kéékèèké etí ọ̀nà ni ó máa ń ta váníìṣì náà. Ní ti ọkọ̀ àlòkù, iyọ̀ tí àwọn òyìnbó ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín ti lè wọ abẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ó rí ìlà funfun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí òwú lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni eruku dúdú tí ń bọ́ lára bíréèkì. Irin wà nínú rẹ̀, ó ń gbóná bí ó ti ń fò, ó sì ń lẹ̀ típẹ́típẹ́. Bí eruku pupa bá dà pọ̀ mọ́ ọn, tí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀ sí i, ohun tí kànrìnkàn ìbá mú kúrò ní ìṣẹ́jú kan yóò di àbàwọ́n tí kì í lọ mọ́.

Nígbà tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì, a ju ègé alumíníọ́mù sínú omi sódà, gáàsì sì ń hó jáde. Ọmọ kan béèrè pé: «Mùsíyé, eérú ni ìyá mi fi ń fọ ìkòkò alumíníọ́mù láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ló dé tí ìkòkò náà kò tíì tán?» Ìbéèrè náà dùn mọ́ wa gan-an. Omi eérú àti omi sódà, ẹbí kan náà ni wọ́n. Eérú ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Ìkòkò náà ń tán, ṣùgbọ́n ó nípọn, kò sì ní váníìṣì tí yóò bàjẹ́. A ní kí ọmọ náà fọwọ́ kan ìdí ìkòkò ìyá-ìyá rẹ̀, kí ó sì fi í wé etí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó wá sọ fún gbogbo kíláàsì pé ìdí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí kò pa wá lẹ́rìn-ín ni ti àwọn ọmọ wa tí ń fọ ọkọ̀ nígbà ìsinmi láti rí owó ìwé. Ní ibùdó ìfọkọ̀ kan tí a kò ní dárúkọ, omi bátìrì ni wọ́n ń tú sínú ọṣẹ fún jáǹtì, láìwọ ìbọ̀wọ́. Jáǹtì a máa dán yanranyanran ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a di funfun bí ẹni pé ẹ̀tẹ̀ bò ó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ń múra fún BEPC padà wá ní oṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú ìka tí awọ rẹ̀ ti bó, kò sì lè di bírò mú dáadáa. A lọ bá ẹni tí ó ni ibẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà kò ní sùúrù, wọ́n fẹ́ kí ó dán kíákíá. A sọ fún un pé ọmọ náà ní ọwọ́ méjì péré.

Tiwa rọrùn. Òwúrọ̀ Sátidé ni, kí oòrùn tó ràn, nígbà tí jáǹtì tutù. Ọṣẹ a máa gbẹ mọ́ jáǹtì gbígbóná. A ó kọ́kọ́ da omi púpọ̀ sí i kí iyanrìn ṣàn lọ, nítorí pé iyanrìn ni ó ń ha á, kì í ṣe ọwọ́. Ọṣẹ olómi ìfọwọ́ tí kò le ni a ń lò, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti kànrìnkàn tí kì í kan ara ọkọ̀. A máa ń fọ ẹ̀yìn jáǹtì pẹ̀lú, ibi tí ojú àlejò kì í dé, nítorí pé ibẹ̀ ni eruku bíréèkì ń gbé. A ó fi omi ṣàn án, a ó nù ún gbẹ, a ó sì fi ìda ọkọ̀ pa á kí ọyẹ́ tó dé àti lẹ́yìn tí ó bá lọ. Àwọn kan a máa fi òrí pa á kí ó lè dán. Òrí dára fún ara ènìyàn. Lára jáǹtì, eruku ni ó ń pè wá. Lẹ́yìn náà, a ó wa ọkọ̀ lọ síwájú díẹ̀, a ó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kí omi tó wà lára rẹ̀ gbẹ.

Jáǹtì kan nínú mẹ́rin ti sán nínú kòtò ní ọdún tó kọjá. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ń da ìkòkò fẹ́ rà á. Bí iná bá ti dé 660 lórí ìwọ̀n Celsius, alumíníọ́mù a yọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2014 pé àwọn rí òjé nínú ìkòkò tí a fi àwókù alumíníọ́mù ṣe ní Kamẹrúùnù, òjé sì máa ń wà lára jáǹtì, nínú àwọn ègé kéékèèké tí a fi ń mú kí táyà yí geere. A bu òótù díẹ̀, a yọ àwọn ègé náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ka méje, kí a tó gbé jáǹtì náà fún un.