Láti Ọjà Ọba dé Alágbàká: Ẹ̀kọ́ Ilé Kíkọ́ àti Ìlú Títò ní Àkúrẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ènìyàn nílò láti rìn jìnnà kí ó tó rí ohun tí ó yẹ ní àgbéyẹ̀wò. Ní ìlú Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìrìn tí kò gùn ni yóò fi ọ̀nà méjì hàn ènìyàn tí ọmọ aráyé ti gbà ronú nípa ilé àti ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn náà ni ààfin Déjì wà pẹ̀lú Ọjà Ọba níwájú rẹ̀. Ní òpin rẹ̀ ni Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì Gómìnà àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbé wà. A bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa kí ẹ bá wa rin ìrìn yìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin baba ilé àti ìyá ilé tí ẹ ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ láti kọ́ ilé tiyín, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ lè gbà yín lọ́wọ́ òfò ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a ti ààfin bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé Ọmọrẹ̀mílẹ́kún Aṣọdẹbóyèdé, ọ̀kan nínú ìran Odùduwà, ni ó tẹ Àkúrẹ́ dó nígbà tí ó ń ṣọdẹ kiri; a sì máa ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ààfin náà sí nǹkan bí ọdún 1150. Ààfin àtijọ́ náà kì í ṣe ilé gíga alájà púpọ̀. Àkójọpọ̀ àgbàlá ni, tí iye wọn ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, tí àwọn ará Àkúrẹ́ ń pè ní ùà, olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tí a yàn án fún. Ní Ùà Ùbúra ni a ti ń búra. Ùà Ìkómọ sì wà fún ìkómọjáde. Ní Ọ̀wọ̀ tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, a gbọ́ pé àgbàlá ààfin Ọlọ́wọ̀ tó ọgọ́rùn-ún ní ayé àtijọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó ṣe ìwádìí nípa àwọn ààfin ilẹ̀ Yorùbá, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1966, kí ìmọ̀ yìí má bàa parun.

Ẹ wò bí àgbàlá ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn yàrá yí i ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú wọn. Òrùlé mẹ́rin dà sí àárín, bẹ́ẹ̀ ni òjò ń rọ̀ láti ara wọn sínú àgbàlá, níbi tí a gbé ìkòkò kalẹ̀ láti gbe omi. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù a gba ihò abẹ́ ògiri jáde lọ. Ògiri amọ̀ nípọn, nítorí náà kì í tètè gbóná lọ́sàn-án. Afẹ́fẹ́ ń wọlé láti òkè, ìmọ́lẹ̀ sì ń dé gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá tí ó ń dáná rí ọmọ rẹ̀ tí ó ń ṣeré. Arúgbó tí kò lè jáde mọ́ kò dá nìkan jókòó. Ẹni tí ó bá wọlé, gbogbo ilé ni ó rí i. Àwọn baba wa kò fi pẹ́ńsù ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, síbẹ̀ ìlànà ni, ó sì jinlẹ̀: wọ́n kọ́kọ́ bèèrè bí ènìyàn yóò ti gbé, lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ ògiri.

Bí wọ́n ti ṣe ilé ni wọ́n ṣe ìlú pẹ̀lú. Ààfin wà láàrin. Ọjà wà níwájú ààfin, kí ọba lè máa gbọ́ ohun tí ń lọ, kí olè àti oníjà sì bẹ̀rù. Ọ̀nà ńlá sì ti ibẹ̀ lọ sí àdúgbò àwọn ìjòyè àti sí àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Kò sí ẹni tí ọjà jìnnà sí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn. Ọ̀nà tí a ń tọ̀ ń jẹ́ Ọ̀nà Ọba Adésídà, ní ìrántí Ọba Afunbíowó Adésídà Kìíní tí ó jẹ Déjì láti 1897 títí di 1957. Òwò ni ó gba gbogbo ojú ọ̀nà yìí. Bí ọ̀nà ọkọ̀ ti ń gbilẹ̀ ni ilé ti yí ojú kúrò nínú àgbàlá tí ó sì kọ ojú sí títì, tí yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù. Èyí kì í ṣe ohun búburú, nítorí òwò ni ó ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta pín ilẹ̀ baba wọn, tí olúkúlùkù sì kọ́ tirẹ̀ dé ààlà, àgbàlá ni ó kọ́kọ́ kú. Fèrèsé ẹnì kan wá ń wo ògiri ẹnì kejì, omi òrùlé sì ń dà sí ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀ aládùúgbò.

Bí a bá ń bá ìrìn wa lọ sí ìhà ọ̀nà Ọ̀wọ̀, a ó dé Alágbàká, ojú ayé sì yí padà. Títì fẹ̀, ó sì gún. Ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú ọgbà tirẹ̀, igi ń ṣíji bo ojú ọ̀nà, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba jìnnà síra wọn. Ẹ̀ka Báńkì Àgbà ti Nàìjíríà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀nà Ìgbátòrò ni ilé àpéjọ ńlá tí òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì wà, èyí tí a kọ́ nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Mímíkò, ẹni tí ó ṣe Gómìnà láti 2009 sí 2017.

Níbo ni irú ètò báyìí ti wá? Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò dùn. Ní 1917 ìjọba Lugard ṣe òfin tí ó pín àwọn ìlú Nàìjíríà sí ipò mẹ́ta, wọ́n sì pàṣẹ pé ibùgbé àwọn Òyìnbó gbọ́dọ̀ ya sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ti àwọn ọmọ ilẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440 láàrin wọn. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri kò ní lè fò kọjá ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní àwọn àdúgbò tí a ń pè ní GRA ní ìlú púpọ̀. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ó wà ní ipò gíga jogún irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀. Bí a sì ti ń dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, àpẹẹrẹ náà ni a ń tẹ̀lé: títì gbòòrò, ọgbà ńlá, ilé díẹ̀.

Àkúrẹ́ ti jẹ́ olórí ìlú Ẹkùn Oǹdó láti 1915, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé, 1976, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Múrítàlá Muhammed, ni a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ láti inú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba, agbẹjọ́rò, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò ti ń wọ́ wá. Ní 1981 a dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ilé yíyà àti ìlú títò. Ní ìkànìyàn 1963, ẹgbẹ̀rún mọ́kànléláàádọ́rin ènìyàn ni ó wà ní Àkúrẹ́. Ní 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ nìkan ti ju 350,000 lọ. Ilẹ̀ kò fẹ̀ sí i. Àwọn ènìyàn náà gbọ́dọ̀ sùn síbì kan, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í sùn sí Alágbàká.

Kí ni a lè wá kọ́? Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ tí Vitruvius ará Róòmù ti kọ ọ́ pé ohun mẹ́ta ni ilé rere gbọ́dọ̀ ní: kí ó lágbára, kí ó wúlò, kí ó sì lẹ́wà. Àwọn tí ó mọ ùà kò tí ì gbọ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ilẹ̀ tiwa, a lè fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin kún un.

Èkíní ni omi. Kí o tó san owó ilẹ̀, lọ wò ó nígbà òjò, má ṣe lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Odò Àlà la Àkúrẹ́ kọjá, àwọn odò kéékèèké sì ń ṣàn sí i. Ilẹ̀ etí odò a máa pọ́n lójú nítorí owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ẹ rántí Ògùnpa ní Ìbàdàn: ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Ògún, 1980, omi náà kún bò ilé, ó sì pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí pé a ti kọ́lé sí ọ̀nà rẹ̀, a sì ti fi pàǹtírí dí i. Ẹni tí ó da ilẹ̀ ilé sínú gọ́tà ní òkè, ilé ẹlòmíràn ní ìsàlẹ̀ ni ó ń wó.

Èkejì ni oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ní Àkúrẹ́, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àtàrí; ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń wọ ilé tààrà. Nítorí náà, kí ògiri tí ó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí èyí tí ó kúrú kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Jẹ́ kí etí òrùlé yọ jáde dáadáa, kí ó lè ṣíji bo ògiri kí ó sì gbá òjò sẹ́yìn. Fi fèrèsé sí ìhà méjì yàrá, kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀kan wọlé kí ó sì gba èkejì jáde. Èyí kò ju pé kí a ronú ṣáájú bíríkìlà lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń sùn nínú yàrá tí kò léèémí ni ó ń san owó àìronú wa.

Ẹ̀kẹta ni àyè. Má ṣe kọ́lé dé ààlà. Fi àyè sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí iná má bàa fò láti òrùlé kan sí èkejì, kí ọkọ̀ panápaná sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí ilẹ̀ rẹ bá kéré, àgbàlá kékeré láàrin ilé sàn ju yàrá kan tí ó ṣókùnkùn lọ.

Ẹ̀kẹrin ni òfin. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ti 1978, Gómìnà ni ó di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún àwọn ará ìlú. Òfin ìlú títò ti 1992 sì sọ pé ẹni tí yóò kọ́lé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Púpọ̀ nínú wa ka èyí sí ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gba owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ pé títì tuntun yóò gba orí ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, àmì pupa tí a fi kùn ara ògiri ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un, lẹ́yìn tí owó ogún ọdún ti wọlé.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ sọ pé kí gbogbo Àkúrẹ́ di Alágbàká. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ gba ilẹ̀ púpọ̀ fún ènìyàn díẹ̀, ẹni tí kò ní ọkọ̀ a sì máa rìn gan-an kí ó tó rí ata rà. Ètò tí kò wo ojú ènìyàn a máa pa ènìyàn lára. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku mú wá sí Èkó ní 1924 ni ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ ìlú títò sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1928. Iṣẹ́ rere ni wọ́n pè é. Síbẹ̀ nígbà tí ìgbìmọ̀ náà ń wó ilé láàrin Èkó láti 1955, tí ó sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, ọ̀pọ̀ ìyá jìnnà sí ọjà wọn, ọ̀pọ̀ arúgbó sì jìnnà sí ẹbí tí ń fún wọn ní oúnjẹ. Ilé tuntun náà mọ́, ṣùgbọ́n agbo ilé ti tú.

Ohun tí ó tọ́ ni kí àwọn méjèèjì kọ́ ara wọn. Kí Alágbàká ya títì àti gọ́tà rẹ̀ fún àwọn àdúgbò tí ó wà láàrin ìlú, kí ìjọba má sì ro pé ìlú parí sí ibi tí ọ́fíìsì parí sí. Kí ààfin ya àgbàlá rẹ̀ fún àwọn ilé tuntun, kí ọmọ lè rí ibi ṣeré tí ojú ìyá rẹ̀ tó. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́lé lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ má kọ́kọ́ pe bíríkìlà. Ẹ pe ìyàwó yín, ẹ pe àwọn òbí yín bí wọ́n bá ń bẹ láyé, kí ẹ jókòó papọ̀, kí ẹ sì bi ara yín léèrè: níbo ni omi yóò gbà, níbo ni afẹ́fẹ́ yóò gbà, níbo ni àgbàlagbà yóò jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́? Nígbà tí ẹ bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tó àkókò láti ra sìmẹ́ǹtì.