Aṣọ Ìyá Àgbà ní Ìgboro Lọ́ńdọ̀n

Ẹ̀yin ará ilé ní Olúpọ̀nnà,

Ara àwọn ọmọ yín le ní Lọ́ńdọ̀n, òtútù nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni lẹ́tà yìí dá lé, torí ohun tí ẹ̀yin ń dì sísàlẹ̀ àpótí nílé, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ níbí.

Ní Rye Lane ní Peckham, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ọmọbìnrin kan á wọ bùbá léèsì ìyá rẹ̀ sórí ṣòkòtò jíìnsì, á sì gbé kóòtù dúdú lé e. Òmíràn á fi ìpèlé ẹtù wé ọrùn dípò ìborùn òtútù. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi so àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀, á sì rí i pé aró ti ṣá díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ náà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹni tí kò jogún aṣọ a máa ra àlòkù. Ní Portobello Road àti Brick Lane, aṣọ àtijọ́ àwọn òyìnbó wà lọ́jà lóríṣiríṣi, òmíràn sì wọ́n ju tuntun lọ.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé aṣọ tuntun ni wọ́n ń gbé fún télọ̀ kó rán an bíi ti àtijọ́. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé fíìmù Ó Le Kú jáde ní 1997, láti inú ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, ìró péńpé àti bùbá ayé ìgbà náà tún gba ìgboro, orúkọ fíìmù náà ni wọ́n sì fi ń pè é.

Ní Lọ́ńdọ̀n níbí, Duro Olowu, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó tó ti ṣe lọ́yà rí, sọ irú àdàpọ̀ àtijọ́ àti tuntun yìí di iṣẹ́. Gáúnù kan tó fi oríṣiríṣi aṣọ aláràbarà rán ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ New Designer of the Year ní 2005. Michelle Obama náà wọ aṣọ rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀ ni Shade Thomas-Fahm ti kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n, tó padà sí Èkó, tó sì sọ ìró di síkẹ́ẹ̀tì oní-síìpù. Nígbà tí ilé àkójọpọ̀ V&A ṣe àfihàn Africa Fashion ní 2022, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn tó mọ aṣọ í wọ̀ kì í kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n ń mú nínú ti àtijọ́: bí bùbá bá jẹ́ sányán, ṣòkòtò àti bàtà á jẹ́ ti òde òní. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́, á dà bí ẹni ń lọ ṣeré orí ìtàgé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta sányán àti àlàárì inú àpótí. Sányán tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun wúwo, ó sì lálòpẹ́ ju ṣáìnṣáìn olówùú dídán tó dé ní nǹkan bí 1970 lọ. Ẹ yọ ọ́ síta, ẹ sá a sínú afẹ́fẹ́ lábẹ́ ibòòji, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ti ń jẹ ẹ́, kí ẹ tó fi káńfọ̀ sí i padà. Bí ìró bá ti gbó létí, télọ̀ tó mọṣẹ́ á yọ bùbá tàbí fìlà nínú ibi tó ṣì dára.

Ẹni tó bá sì ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀n lẹ́yìn ọdún Iléyá, ẹ fi ìpèlé kan rán an. Àwọn ọmọ yín ti ń béèrè.

Ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀n