Bí kíláàsì bá ti kún

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì l'Ámẹ́ríkà, bí kíláàsì tí ẹ fẹ́ bá ti kún, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Ẹ fi orúkọ sórí waitlist. Àyè máa ń ṣí: àwọn kan á yí ọkàn padà, àwọn mìíràn ò ní rówó san. Ẹ sì lọ jókòó ní kíláàsì náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ kí olùkọ́ dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ community college ní California, òun ló ń fúnni ní nọ́ńbà tí a fi ń wọlé, ẹni tí kò bá sì yọjú lọ́jọ́ náà lè pàdánù àyè rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gba físà F-1 ni àyà mi ń já fún jù. Ó kéré tán, kírẹ́díìtì 12 lẹ gbọ́dọ̀ ní ní sáà kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà lórí waitlist kò sì sí lára rẹ̀. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹyọ kan péré, kírẹ́díìtì 3, ni wọ́n ń kà mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì mìíràn tó wúlò fún oyè yín, kí ẹ sì tètè rí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kí àsìkò ìforúkọsílẹ̀ tó kọjá.