Èèsún Etí Kúdẹtì

Bí òjò bá rọ̀ sórí òrùlé páànù láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, omi kì í dúró. Orí òkè ni Ìbàdàn àtijọ́ wà, àgbàrá òkè Màpó á sì máa sáré gba ojú gọ́tà lọ sínú odò Kúdẹtì àti Ògùnpa. Odò tí ọmọdé fẹsẹ̀ là kọjá láàárọ̀ á máa ru gùdù nírọ̀lẹ́, á máa gbé ọ̀rá àti igi lọ.

Ẹ wo èèsún tó wà létí rẹ̀. Ó ga ju ènìyàn lọ, ó sì ní oríkèé bí ìrèké. Bí àgbàrá bá dé, kì í bá a jà. Á tẹ̀ gbọọrọ, ewé rẹ̀ tóóró á nà tẹ̀lé omi, gbogbo wọn á dorí kọ ibì kan náà, omi kò sì ní rí ohun tó fẹ̀ dì mú. Iṣẹ́ gidi wà nísàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ rẹpẹtẹ ti wé mọ́ ilẹ̀. Bí omi bá fà, ẹ tún wo èyí tó ṣubú: oríkèé tó fara kan ẹrẹ̀ á ta gbòǹgbò, á sì rú. Èyí tí omi já gbé lọ pàápàá lè hù níbi tó bá gúnlẹ̀ sí.

Èèsún nìkan kọ́ ló ń bá omi gbé. Ojú oró la fi ń ṣàdúrà ká lè máa lékè, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ tó bo ewé rẹ̀ ń di afẹ́fẹ́ mú, omi kì í rin ín. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fì lábẹ́, kò kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó dákẹ́ ni tirẹ̀. Bí odò bá ń sáré, á bá a lọ ni. Òṣíbàtà fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ní tirẹ̀, igi ewé rẹ̀ gùn, ó rọ̀, ihò afẹ́fẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Bí omi bá kún díẹ̀, ewé á bá a gòkè. Àgbàrá líle á fa ewé fífẹ̀ náà ya.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni àwọn ewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Podostemaceae, tó ń gbé níbi tí odò ti ń já lórí àpáta nílẹ̀ Áfíríkà. Ara òkúta ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, ìgbà tí omi bá fà ni wọ́n sì ń yọ òdòdó.

Ká padà sí Ìbàdàn: ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, Ògùnpa kún, ó wó ilé, ó pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Koríko kankan kò lè dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró. Wọ́n ti fi kọnkéré tẹ́ ọ̀pọ̀ ibi nínú odò náà láti ìgbà yẹn, gbòǹgbò kò sì ríbi wọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí etí odò ṣì jẹ́ ilẹ̀, èèsún ló ń gbà á lọ́wọ́ àgbàrá. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún odò ṣe, ẹ kó ọ̀rá àti pàǹtírí kúrò pátápátá. Bí èèsún bá dí yín lọ́nà, ẹ gé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú gbòǹgbò rẹ̀.